Thomas Adéoyè Lambo

Thomas Adéoyè Lambo (29 Oṣù Kẹta 1923 – 13 Oṣù Kẹta 2004) jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀jọ̀gbọ́n, gíwá Yunifásítì Ìbàdàn nígbà kan rí, àti igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì bí i sí. A sábà máa ń kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní ìlànà àwọn òyìnbó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n ni ètò abúlé tó dá sílẹ̀ ní Aro, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé dípò kí wọ́n máa tì wọ́n mọ́lé. Apá mìíràn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà, òun sì ni àyọkà yìí yóò dúró lé lórí jù: ọ̀rọ̀ àwọn tí ara ń ni fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún, tí orí wọn ń gbóná, tí àyà wọn ń já, tí nǹkan ń rìn wọ́n lórí bíi kòkòrò, ṣùgbọ́n tí dókítà yẹ̀ wọ́n wò títí tí kò rí ohunkóhun.

## Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ilé-ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ni Lambo ti kàwé kó tó rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham. Ó gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1948. Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ilẹ̀ náà, ó padà wálé ní 1950, ìjọba amúnisìn sì ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn gẹ́gẹ́ bí dókítà ìjọba: Èkó, Zaria, Gusau. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó tún fi padà sí London láti kọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn Maudsley.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣègùn òyìnbó ń kọ nípa ọpọlọ aláwọ̀ dúdú ní àkókò yẹn kò dára láti gbọ́. J. C. Carothers, dókítà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1953, ó sì sọ níbẹ̀ pé àwọn ọmọ Áfíríkà kì í lo iwájú ọpọlọ wọn bó ṣe yẹ. Ó tún gbà pé ìbànújẹ́ ọkàn tó ń di àìsàn ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ẹ̀rí tó fi gbe èyí lẹ́sẹ̀ kò ju pé àwọn tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń mú wá sí ilé alárùn ọpọlọ.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán, ṣùgbọ́n ó kan aláìsàn gbọ̀ngbọ̀n. Bí dókítà bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìbànújẹ́ ọkàn kì í ṣe ẹni tó jókòó níwájú òun, tí ẹni náà sì wá ń sọ pé orí òun ń gbóná láti ọdún tó kọjá, ohun méjì péré ló kù tí dókítà lè rò: bóyá kòkòrò àrùn kan wà tí òun kò tíì rí, tàbí irọ́ ni ẹni náà ń pa. Lambo kò fara mọ́ èkíní gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, kò sì fara mọ́ èkejì rárá. Ní 1955 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of Mental Science nípa ipa tí àṣà ń kó nínú irú wèrè kan láàárín àwọn Yorùbá, láti ìgbà náà sì ni ó ti ń sọ ọ́ léraléra pé ọpọlọ ènìyàn kò yàtọ̀ láti ìran kan sí èkejì. Ìgbé ayé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ló yàtọ̀, àti ọ̀nà tí ó gbà ń fi ìnira rẹ̀ hàn.

## Aro

Ní ọdún 1954 Lambo gba iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ìlú rẹ̀. Lantoro ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ níbẹ̀ láti 1944, nínú ọgbà tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun àgbáyé kejì bọ̀ tí ọkàn wọn kò pa pọ̀ mọ́ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ilé-ìwòsàn tuntun sí Aro, lẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Lambo kò dúró de àwọn bíríkìlà. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gba owó ilé lórí wọn.

Àdéhùn náà kò lọ́jú pọ̀. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání ó kéré tán, bóyá ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ilé-ìwòsàn láàárọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti gba oògùn, abẹ́rẹ́, tàbí ìtọ́jú tí wọ́n fi iná mànàmáná ṣe sí ọpọlọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò padà sí abúlé, sáàárín àwọn ọmọdé, àwọn àgbà àti àwọn tó ti oko dé. Àwọn ará abúlé rí owó ilé gbà, omi ẹ̀rọ sì dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá fún wọn, wọ́n sì ń gbógun ti ẹ̀fọn ní àyíká wọn. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Èyí ni ó fa àríyànjiyàn jù lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ohun tí babaláwo ń wá nínú ọgbà ilé-ìwòsàn ìjọba. Ìdáhùn Lambo ni pé ọ̀dọ̀ wọn ni aláìsàn ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà ni yóò sì padà sí. Ó sàn kí òun mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń yin ètò yìí nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹbí tó bá aláìsàn dé ibẹ̀ ló ru ẹrù tó pọ̀ jù nínú owó náà, nítorí ó fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èrè mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í ka owó rẹ̀. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ mọ ìgbà tí orí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó mọ̀ bóyá lẹ́yìn ikú ni, lẹ́yìn ìjà ogún, tàbí lẹ́yìn tí ọkọ kó ìyàwó tuntun wọlé. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè sọ èyí fún dókítà.

## Ìnira ara tí a kò rí àrùn rẹ̀

Kì í ṣe àwọn tó já wọ ọjà ní ìhòòhò nìkan ni oníṣègùn ọpọlọ ń tọ́jú. Àwọn kan mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, ṣùgbọ́n ara kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Orí wọn ń gbóná láìsí ibà. Ọ̀run ń wọ́ wọn. Nǹkan ń rá pálá láti àtàrí wá sí èjìká. Àyà wọn ń lù kìkì, oorun kò wá, bí wọ́n bá sì jẹun, inú wọn a kún fọ́fọ́. Wọ́n ti mu àgbo, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ti ṣe ètùtù. Lambo di í mú pé àníyàn àti ìbànújẹ́ ọkàn ń fara pa mọ́ sábẹ́ irú ẹ̀dùn ara bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa, àti pé ìdí nìyí tí àwọn bíi Carothers kò fi rí wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ kì í lọ sí ilé alárùn ọpọlọ. Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ibà àti inú rírun ni ó ń lọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè níhìn-ín, nítorí pé ó wà lára ohun tó ṣi àwọn dókítà àjèjì lọ́nà. Nínú èdè Yorùbá, ẹ̀yà ara ni ó ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀lára. Inú ni ó ń bí ènìyàn, inú náà ni ó sì ń dùn. Ojú ni ó ń ti ni. Àyà ni ó ń já, tó sì ń fò. Ọkàn ni ó ń pòrúùru. Ara ni kì í balẹ̀. Ẹni tó bá sì ní sùúrù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà lórí òróòro. Bí obìnrin kan bá sọ fún ògbufọ̀ pé orí òun gbóná, àyà òun sì ń já, ògbufọ̀ lè túmọ̀ rẹ̀ sí ibà àti àrùn ọkàn, òun náà kò sì purọ́. Síbẹ̀ àṣìṣe kejì wà tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa sọ pé àkànlò èdè lásán ni, pé kò sí ohun tó ń ro obìnrin náà. Orí rẹ̀ ń gbóná ní tòótọ́. Ìbéèrè tó kù ni ohun tó dá iná náà.

## Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé ń rẹ̀

Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó bá Lambo ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950, ni ó fún ọ̀kan lára àwọn ìnira wọ̀nyí ní orúkọ tó kárí ayé. Ní 1960 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ní ìrora tàbí ooru ní orí àti ọrùn. Bí wọ́n bá ṣí ìwé, wọ́n ń rí lẹ́tà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kì í wọlé. Ohun tí wọ́n kà kì í dúró. Ojú wọn a máa ṣú, omi a sì máa dà lójú wọn. Àyẹ̀wò kò fi nǹkan kan hàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń pe ohun tó ń ṣe wọ́n ní brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, wọ́n sì gbà pé ìwé kíkà àkàjù ló fà á.

Àlàyé Prince ni pé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó ń béèrè kí ẹnì kan dá jókòó, kó dá ronú, kó sì dá yege, nígbà tó jẹ́ pé àárín agbo ilé ni wọ́n ti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà dàgbà. Ó tún rí i pé ìrètí gbogbo ẹbí ló wà lórí ọmọ tó ń kàwé. Ẹni tó bá mọ ilé tí wọ́n ti ta ilẹ̀ nítorí owó ilé-ìwé ọmọ kan ṣoṣo kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tó ń gbé ooru wọ orí ọmọ náà bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, Morakinyo ní Ifẹ̀ tọ́ka sí ohun mìíràn tó sún mọ́ ara ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn àìsùn àti àwọn oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má bàa kùn wọ́n. Ní tèmi, àlàyé méjèèjì kò ta ko ara wọn: ọmọ tí gbogbo agbo ilé ń wojú rẹ̀ ni kì í sùn.

Lambo fúnra rẹ̀ ti bá irú ọ̀ràn yìí pàdé lókè òkun. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàìsàn débi pé wọ́n ń dá wọn padà sílé láìgboyè. Ìjọba ní kí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó rí kì í ṣe ọpọlọ tí kò lè gbé ìwé. Ó rí àwọn onílé tí kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé, ìdánìkanwà, ìbẹ̀rù ìdánwò, àti ìbẹ̀rù pé àwọn ọ̀tá nílé ń rán nǹkan sí wọn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pa pọ̀, kò fi ìbẹ̀rù ayé ṣe ẹlẹ́yà, kò sì jẹ́ kí ó bo ìwà àwọn onílé náà mọ́lẹ̀.

## Ìwádìí Cornell àti Aro

Ní 1961 Lambo pẹ̀lú Alexander Leighton, oníṣègùn ọpọlọ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, kó àwọn olùwádìí jọ láti lọ bá àwọn ènìyàn nílé wọn ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti ní Abẹ́òkúta. Ìyàtọ̀ iṣẹ́ yìí sí ti Carothers ni pé wọn kò jókòó dúró de aláìsàn ní ilé-ìwòsàn. Wọ́n bi àwọn àgbẹ̀, àwọn ọlọ́jà àti àwọn ìyá ilé léèrè bí ara ti rí, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn wé ti agbègbè kan ní Kánádà tí Leighton ti ṣe irú ìwádìí kan náà tẹ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1963.

Ìwé náà fi hàn pé àwọn àmì ìbànújẹ́ ọkàn pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó dúró fún gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn mọ ẹkún àìnídìí, wọ́n mọ àìlèsùn, wọ́n mọ oúnjẹ tí kò wọ ọ̀fun mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ìnira tí ara ń fi hàn gba àyè ńlá nínú ohun tí wọ́n kà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti tún sọ pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò sí ní Áfíríkà. Ní ọdún 1961 kan náà ni Lambo pe àpérò àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà sí Abẹ́òkúta.

## Ìbàdàn, Geneva àti òpin ayé rẹ̀

Lambo kúrò ní Aro ní 1963 láti di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tọ́lání Àsùní ni ó gba ipò rẹ̀ ní Aro. Ó di gíwá yunifásítì náà ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Orí oyè rẹ̀ ni ó wà nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, nígbà ìfẹ̀hónúhàn nínú ọgbà náà ní 1 Oṣù Kejì 1971. Ọdún yẹn ni ó kọjá sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ó di igbákejì olùdarí àgbà níbẹ̀ ní 1973, ó sì wà nípò náà títí di 1988. Láàárín ìgbà yẹn, ní 1978, ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Alma-Ata, tí wọ́n sì fi orúkọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sínú ìpinnu wọn lórí ìtọ́jú ìlera ní ìpìlẹ̀, ohun tí Lambo ti ń ṣe ní Aro ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé ṣáájú.

Ọba Gẹ̀ẹ́sì obìnrin fún un ní oyè OBE ní 1962. Ó padà sí Nàìjíríà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní Geneva, ó sì jáde láyé ní 13 Oṣù Kẹta 2004, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 81.

## Ohun tó tẹ̀lé iṣẹ́ rẹ̀

Àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn gbé ọ̀ràn ìnira ara yìí síwájú. Ní 1982 Peter Ebigbo, ní Enugu, ṣe ìwé ìbéèrè kan tí dókítà lè fi mọ àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn láti inú ẹ̀dùn ara wọn. Ooru ní orí àti ìmọ̀lára bíi pé kòkòrò ń rìn wà lára ohun tó béèrè. Òun kò mú àwọn ìbéèrè rẹ̀ láti inú ìwé òyìnbó. Ẹnu àwọn aláìsàn ni ó ti gbọ́ wọn.

Ní ti brain fag, ìwé ìtọ́kasí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn àìsàn tó jẹ mọ́ àṣà ní 1994, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dà tuntun jáde ní 2013, kò sí lára mẹ́sàn-án tí ìwé náà ṣàlàyé. Ní 2015, àwọn oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà kan fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà gan-an ti wà lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fún ìnira àwọn tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n pè ní àìsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ti kọ́kọ́ jẹ́ àìsàn àwọn òyìnbó fúnra wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣe ìwádìí ńlá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ní orílẹ̀-èdè 14, Ìbàdàn sì wà lára àwọn ibùdó rẹ̀. Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ apá kan èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń mú ẹ̀dùn ara tí a kò rí ìdí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ dókítà wà ní gbogbo ibi tí wọ́n dé, ní Yúróòpù bí ó ti wà ní Áfíríkà, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àníyàn tàbí ìbànújẹ́ ọkàn pẹ̀lú. Nínú ìwé tí Àjọ náà fi ń ka àwọn àrùn láti 2022, kò pọn dandan mọ́ kí dókítà fi hàn pé ara kò ní àrùn kankan kó tó gbà pé ẹnì kan ń jìyà irú ìnira yìí. Ohun tó ń wò ni bí ìnira náà ṣe pẹ́ tó, àti bó ṣe ń dí ìgbé ayé ẹni lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ kò tíì yí padà púpọ̀. Ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndó lónìí, ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná lè gba oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù léraléra nílé kẹ́míìsì, kó gba ìṣọ́ òru lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó ra àgbo lọ́wọ́ ìyá alágbo, kó sì tún padà wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí èsì rẹ̀ ń sọ pé kò sí nǹkan. Aro ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni báyìí. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Yàbá sì sún mọ́ àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ń gba àwọn tí kò ya wèrè, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n lójú pópó kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.